Ìwé atúmọ̀, káàdì, rédíò, olùkọ́ àbí ẹ̀rọ: èwo lẹ fẹ́ fi kọ́ àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan nílùú ọba. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó débẹ̀, màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sọ fún un pé, "I need to spend a penny." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ "spend", ó gbọ́ "penny", ó rò pé màmá fẹ́ ra nǹkan ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá pọ́ọ̀sì màmá káàkiri yàrá. Kó tó padà débi àga, màmá ti tọ̀ sára, ojú sì tì í débi pé ó bú sẹ́kún. Láyé àtijọ́, pẹ́nì kan lèèyàn máa ń sọ sára ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ gbogboogbò nílùú ọba kó tó ṣí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí màmá ń sọ ni pé òun fẹ́ tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kírẹ́díìtì nínú WAEC, ó sì yege nínú IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tó fẹ́ lọ sókè òkun máa ń ṣe. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn yẹn tí kò mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ tó pè mí tó ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún mi, mi ò lè sùn dáadáa, torí pé èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ n'Íbàdàn. Ìwé àkójọ ni mo máa ń gbé kalẹ̀ fún wọn nígbà náà: àkànlò èdè lápá òsì, ìtumọ̀ lápá ọ̀tún, ẹ há a sórí. Látìgbà náà ni mo ti ń dán ọ̀nà mìíràn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lára mi àti lára àwọn tí mò ń kọ́. Ohun tí mo rí nínú wọn ni mo fẹ́ tò síwájú yín, kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè mọ èyí tó bá a mu.

Kí ló ń ṣòro níbẹ̀ gan-an?

Ẹ wo "jẹ" lédè wa. À ń jẹ iyán, à ń jẹ oyè, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ ìyà, à ń jẹ ayé. Òyìnbó tó bá mọ̀ pé kéèyàn fi oúnjẹ sẹ́nu ni "jẹ", tó wá gbọ́ pé ẹnì kan jẹ gbèsè, kò ní mọ ibi tí yóò gbà. Bí "put" àti "get" àti "take" ṣe rí fún àwa náà nìyẹn. "Put off" ni kéèyàn sún nǹkan síwájú, "put out" ni kó pa iná, "put up with" ni kó fara da nǹkan. Bó ti wù kí ẹ ro "put" pọ̀ mọ́ "up" àti "with" tó, ìfaradà ò ní tibẹ̀ jáde. Phrasal verb làwọn olùkọ́ ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe onírù lèmi ń pè wọ́n fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́, nítorí pé ìrù kékeré tó wà nídìí wọn ló ń yí ìtumọ̀ padà.

Ohun kan wà tó yẹ kó fi àwa Yorùbá lọ́kàn balẹ̀ nídìí wọn. Àwa náà ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń là sí méjì: tàn jẹ, gbà gbọ́, bà jẹ́. "Ó tàn mí jẹ" là ń wí, kò sẹ́ni tó ń wí pé "ó tàn jẹ mi". Gẹ̀ẹ́sì ní irú rẹ̀. "Turn off the light" dára, "turn the light off" náà dára, ṣùgbọ́n tó bá ti di "it", àárín ló gbọ́dọ̀ jókòó sí: "turn it off". Látìgbà tí mo ti ń kọ "gbà mí gbọ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ "turn it off" lójú pátákó, àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì í mọ́. Àmọ́ gbogbo wọn kọ́ ló ń là. "Look after" kì í là rárá: "look after my child" ni, àárín rẹ̀ kì í gba nǹkan kan. Ìyàtọ̀ yìí, ọ̀nà tẹ́ ẹ bá fi ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi hàn yín, bí kò bá fi hàn yín, ẹ ó mọ ìtumọ̀ tán, ẹ ò sì ní lè lò ó.

Ọ̀rọ̀ ipò tún wà níbẹ̀. Ọba kì í kú, ọba a máa wàjà ni, ẹni tó bá sì sọ èkíní láàfin mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Gẹ̀ẹ́sì náà mọ irú ìyẹn. "Pass away" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Kick the bucket" náà ni kéèyàn kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, ẹni tó bá sì sọ ọ́ lójú ọmọ olókùú ti fi òkú ṣẹ̀sín. Nínú ìwé àkójọ tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n kọ síwájú àwọn méjèèjì: "to die".

Ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì ilé wa kún un. Nàìjíríà ní àkànlò tiẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì ka ìyẹn sí àṣìṣe, nítorí èdè tó bá dé ilẹ̀ kan, àwọn ará ibẹ̀ ni yóò rán an sí ìwọ̀n ara wọn. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ èyí tó jẹ́ ti ilé. "I'm coming" tí à ń sọ nígbà tá a bá ń jáde lọ, "mò ń bọ̀" tiwa ni. Òyìnbó tó bá gbọ́ ọ yóò máa wò yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Àwa ń sọ pé "more grease to your elbow", nílùú ọba "more power to your elbow" ni. "Cut your coat according to your size" ni gbogbo wa gbọ́ dàgbà, ṣùgbọ́n "according to your cloth" ni Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé, ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa ló sì ń pàdánù máàkì nítorí ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn yẹn.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè márùn-ún ni mo bi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ń fi odindi gbólóhùn hàn mí, àbí ìtumọ̀ gbígbẹ lásán? Ṣé ó ń sọ irú ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún? Tó bá di oṣù mẹ́ta sí i, ṣé yóò ṣì wà lórí mi? Èló ló máa ná mi, ti owó, ti dátà, ti iná NEPA àti ti àkókò? Ìkarùn-ún làwọn èèyàn kì í bèèrè, òun ló sì ṣe kókó jù lójú tèmi: ibo lèmi gan-an ti máa bá ọ̀rọ̀ náà pàdé? Ní gbọ̀ngàn ìdánwò ni, lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni, àbí nínú ìpàdé orí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà? Àwọn òyìnbó gan-an ò sọ ọ́ bákan náà. "Storm in a teacup" ni ará ìlú ọba ń sọ, "tempest in a teapot" ni ti ará Amẹ́ríkà; ariwo ńlá lórí ọ̀rọ̀ kékeré ni méjèèjì. Ará ìlú ọba a máa "fill in" fọ́ọ̀mù, ará Amẹ́ríkà a máa "fill out" fọ́ọ̀mù kan náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye wọn bà yín lẹ́rù. Ní 2007, àwọn onímọ̀ èdè méjì, Dee Gardner àti Mark Davies, tú British National Corpus yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́, àkójọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará ìlú ọba kọ àti èyí tí wọ́n sọ lẹ́nu, tó tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé ogún ọ̀rọ̀-ìṣe péré, àwọn bíi go, come, take, get, set, turn, look àti put, pẹ̀lú ìrù mẹ́jọ bíi out, up, on, back àti down, ló kó ju ìdajì gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe onírù tó wà níbẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì rí i pé ọgọ́rùn-ún tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ń ní ju ìtumọ̀ márùn-ún lọ ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó há ìtumọ̀ kan ṣoṣo sórí fún "pick up" tàbí "go off" kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìwé àkójọ àti ìbéèrè àtẹ̀yìnwá

Òun ló rọ̀jù lówó, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ilé-ìwé lẹ ti máa rí i, kò gba dátà, kò gba iná. Ìwé àkójọ nìkan, láìsí nǹkan mìíràn, ni mi ò lè gbà yín níyànjú láti rà mọ́, nítorí ohun tí mo ti sọ nípa òkú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní gbólóhùn, wọn kì í sọ èyí tó ti gbó, wọ́n sì máa ń da ti Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ti ìlú ọba. "It's raining cats and dogs" wà nínú gbogbo wọn, ẹ sì lè gbé ìlú ọba tí òjò ò ti wọ́n fún ọdún gbọọrọ kẹ́ ẹ má fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́ kankan.

Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá yàtọ̀. Inú gbólóhùn ni JAMB àti WAEC máa ń gbé àkànlò sí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ yan ìtumọ̀ tó bá a mu. Ọgọ́ta ìbéèrè ni Use of English ní nínú ìdánwò JAMB, kò sì sí ẹni tí kò ní í ṣe é, ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ẹni tó fẹ́ kọ́ orin. Ẹni tó bá ti ń ṣe ìbéèrè ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn yóò mọ bí wọ́n ṣe ń dẹkùn: ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin ni ìtumọ̀ olówó-ẹyọ, èyí tí ọ̀rọ̀ náà ìbá ní ká ní kì í ṣe àkànlò. "He threw in the towel", wọ́n á fi ẹni tó ju aṣọ ìnura síbì kan dẹkùn fún yín, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó júwọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń wí. Tàkúté yẹn kì í mú ẹni tó ti rí i lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́

Tó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n mú, èyí ni mo máa mú. Mo ní fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ìwé atúmọ̀ tí òyìnbó ṣe fún òyìnbó yàtọ̀ sí i. Oxford Advanced Learner's Dictionary tí gbogbo wa mọ̀, A. S. Hornby tó ń kọ́ àwọn ará Japan ní Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, Tokyo ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1942. Látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń rò ti ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Longman Dictionary of Contemporary English jáde ní 1978, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni wọ́n sì fi ń ṣàlàyé gbogbo ìyókù nínú rẹ̀. COBUILD dé ní 1987, òun ní tiẹ̀ a máa fi odindi gbólóhùn ṣàlàyé, bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbádùn àlàyé kúkúrú ni mo máa ń fi COBUILD lé lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Nínú ìwé Oxford, abẹ́ ọ̀rọ̀ tó rinlẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ ti máa wá àkànlò, ní ibi tí wọ́n kọ IDM (idiom, àkànlò èdè) sí. Ẹni tó ń wá "under the weather" lábẹ́ "under" yóò pẹ́ níbẹ̀, abẹ́ "weather" ló wà (kí ara èèyàn má yá ló túmọ̀ sí). Ọ̀rọ̀-ìṣe onírù wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ PHR V (phrasal verb) sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí àmì kékeré nì, sb (somebody, ẹnì kan) àti sth (something, nǹkan kan), jókòó sí. "Put sth off": sth wà láàárín, ó ń là. "Look after sb": sb wà lẹ́yìn, kì í là. Ohun tí mo fi "gbà mí gbọ́" ṣàlàyé níṣàájú, lẹ́tà mẹ́ta péré ló sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ kékeré bíi informal (ọ̀rọ̀ àárín ọ̀rẹ́), old-fashioned (èyí tó ti gbó), BrE (Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọba) àti NAmE (ti Àríwá Amẹ́ríkà). Bí wọ́n bá kọ old-fashioned síwájú àkànlò kan, ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ẹ má ṣe máa sọ ọ́ káàkiri.

Ti owó ńkọ́? Ìwé tòótọ́ wọ́n. Èyí tó pọ̀ lórí àtẹ ni ayédèrú, mo sì ti rí èyí tí ojú ewé rẹ̀ fò láti P bọ́ sí R. Àmọ́ Oxford, Longman àti Cambridge ti gbé ti akẹ́kọ̀ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ní ohùn ìlú ọba àti ti Amẹ́ríkà. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ìwé atúmọ̀ kì í wá yín wá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti rú yín lójú ni yóò tó wúlò, ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé àkànlò lòun gbọ́, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, kò ní ṣí i rárá.

Káàdì, àti Anki

Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì kan, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò lórí bí èèyàn ṣe ń gbàgbé, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1885: kíákíá lohun tá a kọ́ ń sá lọ, ṣùgbọ́n tá a bá ń padà sí i lẹ́yìn ìgbà díẹ̀díẹ̀, yóò dúró. Anki, áàpù tí Damien Elmes ṣe jáde ní 2006, gbé ara lé irú ọgbọ́n yẹn. Ẹ ó kọ ìbéèrè síwájú káàdì, ìdáhùn sẹ́yìn, áàpù yóò sì máa gbé e wá fún yín: èyí tó le lọ́la, èyí tó rọrùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí Android àti kọ̀ǹpútà, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí fóònù tán. Lórí iPhone, wọ́n máa ń gba nǹkan bíi dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni.

Fún ká rántí, kò sí èyí tó tó o nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ bá kó sínú rẹ̀ ni yóò kó padà fún yín. Àwọn ọmọ mi kan gba káàdì ẹgbẹ̀rún tí ẹlòmíràn ti ṣe, ó sú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí kò sí ìtàn kankan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lójú tiwọn. Ẹ ṣe tiyín fúnra yín. Ẹ kọ gbólóhùn tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ fi àlàfo sí ibi tí ìrù wà, kẹ́ ẹ máa wá a: "They called ___ the wedding." ("off" ni ìdáhùn: wọ́n fagi lé ìgbéyàwó náà.) Ẹ má ṣe ju márùn-ún lọ lóòjọ́. Tẹ́ ò bá ní fóònù tó lágbára, ẹ gé páálí, ẹ fi rọ́bà dì í; iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe, ẹ̀yin lẹ kàn máa ṣètò ọjọ́ àtúnyẹ̀wò fúnra yín.

Etí: rédíò àti ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọdún 1943 ni BBC ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò kọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, BBC Learning English ní ètò kan tó ń jẹ́ The English We Speak, tó máa ń mú àkànlò kan ṣoṣo, tí àwọn méjì á sì fi máa takùrọ̀sọ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè ka ohun tí wọ́n ń sọ bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ọ. Ohun tí etí ń fúnni, ìwé ò lè fúnni. Òyìnbó kì í sọ "put up with it" lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú ìwé, ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ kan ni, bíi "pùtọ́pùwìdìt", ẹni tó bá fi ojú nìkan kọ́ ọ lè má dá a mọ̀ lẹ́nu èèyàn. Bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò náà yóò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni àbí òótọ́.

Ó lọ́ra, ìyẹn ni mo lè sọ sí i. Ẹni tó ní ìdánwò lóṣù tó ń bọ̀ kò lè máa gbọ́ ọ̀kan lóòjọ́. Ohùn sì ń jẹ dátà ju ìwé lọ, ẹ gbà á sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà.

Èèyàn

Olùkọ́ tó dára máa ń bá yín rí ohun tẹ́ ò mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Èmi náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí náà ẹ fi ìyẹn wọn ohun tí mo ń sọ: owó rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, olùkọ́ kò sì dọ́gba. Ẹ bi olùkọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbà ní ìbéèrè kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó sanwó: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni mo lè sọ 'kick the bucket' fún, ta ni mi ò lè sọ ọ́ fún?" Tó bá jẹ́ "ó túmọ̀ sí kú" nìkan ló sọ, ìwé àkójọ tó fi ẹsẹ̀ rìn ni.

Àwọn tí kì í ṣe olùkọ́ náà wà. Ẹni tó bá ń gbé láàárín àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lójoojúmọ́, tó bá lè bèèrè. Ìbéèrè ló máa ń nira fún wa. A ti tọ́ wa pé ká má máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, a ó sì mi orí bíi pé a gbọ́. Ẹ kọ́ gbólóhùn kan péré: "Sorry, what do you mean by that?" Mi ò tíì gbọ́ pé òyìnbó kankan bínú sí i.

Ẹ̀rọ tó ń dáhùn bí èèyàn

Ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin lára àwọn tí mò ń kọ́ ló ń bi ChatGPT ní ìbéèrè báyìí, mi ò sì dá wọn lẹ́kun. Ó dára gan-an fún ohun tí ìwé ò lè ṣe. Ẹ sọ fún un pé, kọ ọ̀rọ̀ àjọsọ láàárín nọ́ọ̀sì àti arúgbó kan, kí "come round" (kí ẹni tó dákú jí), "nod off" (kéèyàn tòògbé) àti "throw up" (kéèyàn bì) wà nínú rẹ̀, yóò ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn tiyín, ẹ bi í bóyá ó dún bó ṣe yẹ, yóò tún un ṣe láìjẹ́ kí ojú tì yín.

Ibi tí mo ti ń ṣọ́ra ni ibi tó bá ti ń sọ ìtàn orísun àkànlò, àti ibi tí wọ́n bá ní kó mú òwe Yorùbá tó bá àkànlò Gẹ̀ẹ́sì kan mu wá. Ó ti fún mi ní òwe tí bàbá mi, tó jẹ́ pé òwe ló fi ń jẹ oúnjẹ àárọ̀, kò gbọ́ rí, ó sì sọ ọ́ tìdánilójú-tìdánilójú. Ohun tó bá sọ fún yín nípa ìtumọ̀, ẹ wò ó nínú ìwé atúmọ̀ kẹ́ ẹ tó kó o sórí káàdì. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ láti èdè kan sí òmíràn sì ńkọ́? Ẹ má gbé àkànlò lọ síbẹ̀ rárá, ó lè fún yín ní ìtumọ̀ olówó-ẹyọ tí ẹ ó sì gbà á gbọ́.

Ta ni kó mú èwo?

Ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC tàbí JAMB: ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì kó gbogbo èyí tó bá kùnà sórí káàdì. Èyí tó kùnà nìkan. Kò nílò olùkọ́ fún àkànlò nìkan bí àwọn ìyókù bá yé e.

Ẹni tó fẹ́ ṣe IELTS máa ń sáré lọ há àkànlò sórí, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n ń fi wọ́n gba máàkì. Òótọ́ ni pé nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu, lílo àkànlò díẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń wò fún ipele 7. Díẹ̀ ni wọ́n wí. Mélòó kan tẹ́ ẹ lè lò láìronú ju àádọ́ta tẹ́ ẹ ń fipá tì wọlé lọ, ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ nílé nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ àròkọ, torí èdè àròkọ tó wà níbẹ̀ kì í gba ẹ̀fẹ̀. Etí àti olùkọ́ ló dára jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó tó ń lọ sílùú ọba: ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ara àti ìtọ́jú ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. "Under the weather" àti "off colour" (kí ara má yá), "come over all funny" (kí ara èèyàn ṣàdédé ṣe é bákan), "pull through" (kí aláìsàn yè é). Ẹ tún àwọn tá a ti mọ̀ ní ìtumọ̀ mìíràn wò. Nílé wa, ẹni tó "pass out" ni ẹni tó parí ẹ̀kọ́ tàbí agùnbánirọ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí. Ní wọ́ọ̀dù, ẹni tó dákú ni. Ìwé atúmọ̀ tó kọ BrE ni kẹ́ ẹ lò, BBC ni kẹ́ ẹ máa gbọ́, kẹ́ ẹ sì máa fi ẹ̀rọ ṣe ọ̀rọ̀ àjọsọ. Mi ò ní bá yín dé ibi ìwé àkójọ rárá.

Ẹni tó ń bá ará Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ láti ilé: àkànlò ìpàdé ló kù fún yín, bíi "touch base" (kéèyàn kàn síni ní ṣókí) àti "circle back" (kéèyàn padà sórí ọ̀rọ̀ kan tó bá yá). Ìwé atúmọ̀ Merriam-Webster jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ lò ó, ẹ sì máa kọ gbólóhùn tẹ́ ẹ bá gbọ́ nínú ìpàdé sílẹ̀ sínú Anki kí ọjọ́ tó ṣú.

Bàbá àti màmá tó ń bá ọmọ-ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Houston tàbí Peckham: ọmọ náà ni olùkọ́ yín. Ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì fi àkànlò Yorùbá kan san án padà fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé kékeré kan nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tẹ ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi: màmá kan náà ló sọ pé, "I've gone right off my tea." Ó mọ̀ pé wàrà lè "go off", kó kan. Ó mọ̀ pé aago ìdágìrì lè "go off", kó dún. Ṣé tíì màmá ló bàjẹ́ ni? Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó tì í, ó bi í. Màmá dì í lọ́wọ́ mú, ó ṣàlàyé pé "tea" lọ́dọ̀ tiwọn ní àríwá ni oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, àti pé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ kì í wu òun jẹ mọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ pe dókítà.